Èésú Ìràpadà: Bí Àwọn Ẹrú Bàhíà Ṣe Ń Dáwó Ra Ara Wọn

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1834, wọ́n ju arúgbó kan sí túbú ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Kò jalè, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Oníṣègùn tó ni ín ló jẹ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan ní gbèsè tí kò rí san, ni ìjọba bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrú rẹ̀ kí wọ́n lè tà á ní gbàǹjo. Orúkọ arúgbó náà ni Pacifico Licutan. Ọmọ Yorùbá ni, àlùfáà Mùsùlùmí sì ni pẹ̀lú. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni àwọn ènìyàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ ní túbú. Wọn á kúnlẹ̀, á ṣàdúrà fún wọn, wọn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti dáwó jọ láti rà á padà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni olówó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìròyìn òde òní bá ń sọ̀rọ̀ ìtọrẹ, ọ̀gbẹ́ni olówó kan tó di ìwé sọwédowó ńlá mú níwájú kámẹ́rà ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Ti Bàhíà gba ibòmíràn. Àwọn tí òfin kà mọ́ ẹrù ọjà ló gbé ètò tiwọn kalẹ̀. Ẹni tó ń dáwó lónìí ni wọn yóò dá owó fún lọ́la, kò sì sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tọrọ nínú wọn. Ibi tí agbára ètò náà wà nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ fara pamọ́ sí, nítorí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò sí nínú ìṣirò.

Báwo tilẹ̀ ni owó ṣe dé ọwọ́ ẹrú? Ìlú Salvador pín sí méjì: apá kan wà létí òkun níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, apá kejì wà lórí òkè gíga níbi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé. Èjìká ènìyàn ló ń gbé ohun gbogbo gun òkè náà: àgbá ọtí, àpótí ṣúgà, pósí òkú, àní àwọn olówó fúnra wọn nínú àga tí ẹrú méjì ń rù. Ní 1835, bí ènìyàn 65,500 ló wà nínú ìlú náà gẹ́gẹ́ bí ìṣirò òpìtàn João José Reis, ọmọ Bàhíà tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú àkọsílẹ̀ ìgbà náà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 42 jẹ́ ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú yìí kì í bá olówó wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé. Wọ́n á rán wọn jáde lọ wá iṣẹ́ sójú títì. Iye kan wà tí ẹrú gbọ́dọ̀ mú wálé lọ́jọ́ tàbí lọ́sẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù di tirẹ̀. Nínú àṣẹ́kù yìí ni yóò ti jẹun, ibẹ̀ náà ni yóò ti tọ́jú owó orí ara rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin alábàárù kì í dá ṣiṣẹ́. Ìkóríta kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní kápúténì, ẹni tó ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà, tó sì ń pín owó. Manuel Querino, ọmọ dúdú tí wọ́n bí ní Santo Amaro ní 1851, tó ṣe olùkọ́, ayàwòrán àti akọ̀wé-ìtàn, ṣe àpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fi kápúténì tuntun jẹ. Wọ́n á rọ omi òkun kún àgbá kan, wọ́n á so ó mọ́ ọ̀pá gígùn, kápúténì á gun orí àgbá bí ẹni gun ẹṣin, á di ẹ̀ka igi mú lọ́wọ́ kan, á di ìgò ọtí mú lọ́wọ́ kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì rù ú káàkiri àdúgbò pẹ̀lú orin. Oyè kò kéré jù fún àwọn tí ayé rò pé wọn kò lè jẹ oyè kankan.

Àwọn obìnrin ń ta àkàrà, ẹ̀kọ, ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹja, ẹ̀fọ́ àti aṣọ. Ọwọ́ wọn ni oúnjẹ ìlú wà, owó wọn sì máa ń tètè pé. Nínú ìwé òmìnira tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Salvador, obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ọkọ̀ ẹrú kó gúnlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó wo igbá àkàrà.

Ogun ló kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí débẹ̀. Lẹ́yìn tí Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin, tí ogun Òwu bẹ́, tí Ọ̀yọ́ Ilé sì tú, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba Èkó àti Ouidah kọjá sórí òkun. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bàhíà. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1850, àwọn ló ju ìdajì lọ nínú gbogbo ọmọ Áfíríkà tó wà ní Salvador. Bí wọ́n ṣe dé pẹ̀lú Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Ifá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dé pẹ̀lú èésú.

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èésú. Olórí kan wà, iye owó kan wà, ọjọ́ kan wà. Gbogbo ènìyàn á dá iye kan náà, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi yí ká. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí ó tó jáde ní 1921, kò gbàgbé rẹ̀: ó ní èyí ni tálákà fi ń ṣe ohun tó gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1952, William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gbé Ifẹ̀, kọ odindi àpilẹ̀kọ kan lé e lórí. Ó rí èésú tó tóbi débi pé olórí kò mọ gbogbo àwọn tó ń dá a lójú. Àwọn olórí ọ̀nà ló mọ̀, olórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ń dúró fún àwọn tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé. Bí ẹnì kan bá sá, ọrùn ẹni tó mú un wá ni ẹ̀bi wà. Kò sí ilé ẹjọ́ nínú rẹ̀, ìtìjú ló ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹjọ́.

Ní Bàhíà, ohun tó gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ara ènìyàn.

Ní òru tó mọ́ 25 oṣù kìíní 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ẹrú àti àwọn tó ti gbòmìnira dìde ogun sí ìjọba ní Salvador. Ọ̀dàlẹ̀ ti tú àṣírí wọn, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ kó tó yẹ. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ ni túbú tí Licutan wà. Wọn kò rí i gbà sílẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ìjà fi parí, bí 70 nínú wọn sì kú. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé ìgbẹ́jọ́ yìí ni àṣírí owó ti jáde, nítorí àwọn ọlọ́pàá fẹ́ mọ ibi tí owó ìdìtẹ̀ ti wá. Wọ́n rí àkọsílẹ̀ nípa Luís Sanim, arúgbó ọmọ Tápà kan tí ń wé tábà, tó jẹ́ àlùfáà, tó sì ń ṣe olórí àpò owó kan. Patáákà kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá, ìyẹn 320 réis, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ẹrú ojú títì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín owó náà sí: apá kan fún aṣọ funfun ìrun, apá kan fún owó tí ẹrú gbọ́dọ̀ san fún olówó rẹ̀, apá kẹta fún ìwé òmìnira.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí apá kejì yẹn. Ẹrú tó bá fẹ́ jókòó kírun tàbí kó kẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí owó wá lọ́jọ́ náà, olówó rẹ̀ kò sì ní gbà á bẹ́ẹ̀. Àpò náà ló ń san án. Ìyẹn ni pé wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ ra àkókò fún ara wọn kí ọwọ́ wọn tó tẹ òmìnira. Ó sì tọ́ kí a kíyè sí ẹni tó di àpò náà mú: ọmọ Tápà ni, láàárín ìjọ tí Yorùbá pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀sìn ti fa okùn kan láàárín àwọn tó jẹ́ pé, nílé, ọ̀tá ogun ni wọn ì bá jẹ́ fún ara wọn.

Ní ti Licutan, ẹgbẹ̀fà pàṣán, ìyẹn 1,200, ni wọ́n dá fún un. Ó ṣì wà nínú túbú nígbà tí ìjà náà ṣẹlẹ̀, kò sì gbé idà.

Àpò Mùsùlùmí nìkan kọ́ ló wà. Querino, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1916 lórí àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà ní Bàhíà, kọ̀wé nípa ẹgbẹ́ ìdáwó tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní juntas. Reis àti àwọn òpìtàn mìíràn rí ojú èésú nínú rẹ̀ kedere. Wọ́n á yan àgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé láti jẹ́ olórí. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń pàdé. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé Potogí, igi kékeré ni ìwé ìṣirò wọn: ẹnì kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ kọ ilà sí i fún owó tó bá dá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ara rẹ̀ á yá nínú owó náà, á gba òmìnira, á sì máa san án padà pẹ̀lú èlé díẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Àríyànjiyàn kì í wọ́n, torí pé ìrántí ẹ̀dá a máa yẹ̀, àmọ́ wọn kì í gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Wo bí ètò yẹn ti le tó. Ẹni tó ti di òmìnira lè kó ẹrù rẹ̀, kó wọ ọkọ̀, kó sì gbàgbé àwọn tó kù. Kò sí òfin tó lè mú un, nítorí òfin kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà wà. Síbẹ̀ àwọn àpò yìí dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnì kan bá dalẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà ni yóò wà nínú ẹrú fún ọdún mìíràn, gbogbo ìkóríta ni yóò sì mọ orúkọ ọ̀dàlẹ̀ náà. Ìtìjú tí Bascom bá ní Ifẹ̀ ti dé Bàhíà ṣáájú rẹ̀.

Àwọn obìnrin dá tiwọn náà. Ní Cachoeira, ìlú kan lẹ́bàá odò Paraguaçu, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú tó ń jẹ́ Boa Morte ṣì ń ṣe ọdún wọn ní oṣù kẹjọ títí di òní. Wọ́n ń sin Màríà, wọn kò sì fi òrìṣà sílẹ̀. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn láti ìran dé ìran, owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ra ẹrú padà, òun náà ni wọ́n fi ń sin òkú wọn bó ti yẹ. Ìsìnkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ọmọ Yorùbá tó kú sí ilẹ̀ àjèjì.

Ìjọba rí gbogbo èyí, ẹ̀rù sì bà á. Ní 13 oṣù karùn-ún 1835, ọjọ́ kan kí wọ́n tó yìnbọn pa mẹ́rin nínú àwọn ọlọ́tẹ̀ náà, ilé ìgbìmọ̀ Bàhíà ṣe òfin tuntun. Gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gbòmìnira gbọ́dọ̀ máa san owó orí 10 mil-réis lọ́dọọdún. Wọn kò gbọ́dọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Ìjọba sì lè lé wọn kúrò nílùú. Kó tó di ìgbà náà ni òfin orílẹ̀-èdè ti 1824 ti sọ pé ẹrú tí wọ́n bí ní Bùràsíìlì lè di ọmọ onílẹ̀ bó bá gbòmìnira, ṣùgbọ́n kò fún ẹni tí wọ́n bí ní Áfíríkà ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní olówó mọ́, kò sì ní ìlú.

Ibi tí Manoel Victor Serra ti wọ inú ìtàn nìyí. Ọmọ Áfíríkà ni, ó ti gbòmìnira, iṣẹ́ alábàárù ló sì ń ṣe ní ìkóríta tí wọ́n ń pè ní Preguiça. Ní oṣù kẹsàn-án 1832, kí òfin 1835 yẹn tó dé, ó kó àwọn dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ nínú ilé ìjọsìn kékeré kan ní Salvador, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ran aláìní lọ́wọ́ láàárín ara wọn. Orúkọ Màríà ni wọ́n fi bo ẹgbẹ́ náà, nítorí ìyẹn ni ìjọba gbà láyè. Owó wọn wà nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí, tó fi jẹ́ pé àfi kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta péjọ kí wọ́n tó lè ṣí i. Akápò òde òní kan lè kọ́ nǹkan níbẹ̀.

Ní 1851 wọ́n yí i padà sí Sociedade Protetora dos Desvalidos, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo àwọn tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn á rí owó gbà. Ẹni tí ọjọ́ ogbó tàbí àbùkù ara kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́ á rí gbà. Bó bá kú, ẹgbẹ́ á sin ín, á sì máa fún opó àti àwọn ọmọ òrukàn rẹ̀ ní owó. Àánú kọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé òfin wọn. Ẹ̀tọ́ ni, pẹ̀lú iye tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé. Bí àwọn ọmọ Áfíríkà tó dá a sílẹ̀ ti ń kú tán, àwọn dúdú tí wọ́n bí ní Bùràsíìlì ló gba àpótí náà.

Ẹni tó bá kà á dé ibí lè máa rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà mọ́ bí aṣọ àlà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀nà tí ẹrú fi ń gba òmìnira ni pé kó ra ẹrú mìíràn, ẹni tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, kó fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ dípò ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òmìnira ló sì di olówó ẹrú nígbà tí ọwọ́ wọn lọ sókè. Ẹ̀rí tó dára jù ni Domingos Sodré. Èkó ni wọ́n ti bí i, ìlú tí àwọn Potogí ń pè ní Onim. Oko ìrèké ní Santo Amaro ló ti ṣẹrú, ó gbòmìnira ní 1836, ó di babaláwo tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Salvador, ó sì jẹ́ olórí èésú ìràpadà. Ní 25 oṣù keje 1862, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé àwọn ẹrú ń jí ẹrù olówó wọn wá fún un, kó lè bá wọn wá ọ̀nà òmìnira. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ọkùnrin yìí kan náà ní ẹrú tirẹ̀.

Ojú òde òní lè fẹ́ kó jẹ́ akọni tàbí kó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ayé tó ń gbé kò fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nílé tó ti wá, ènìyàn lè jẹ́ ẹrú lónìí, kó di olówó ẹrú lọ́la. Ní Bàhíà, ẹrú ni ohun ìní tí òfin gba òmìnira ọmọ Áfíríkà láyè láti ní, nígbà tó ti fi ilé àti ilẹ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n èyí kò pa òótọ́ kan rẹ́: èésú gbé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ga, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè nípa ẹni tó wà níta. Ọmọ tuntun tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí kò tíì ní ìkóríta, tí kò tíì ní ẹni tó lè dúró fún un, kò sí lórí ìlà. Sodré kú ní 1887, ó ti tó ẹni bí àádọ́rùn-ún ọdún, ó ku ọdún kan kí oko ẹrú tó dópin ní Bùràsíìlì.

Nígbà kan, agbára tí ìdáwó kọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí hàn ní gbangba. Ní oṣù kẹfà 1857, àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlú Salvador bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé gbogbo alábàárù gbọ́dọ̀ sanwó gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n so irin onínọ́ńbà mọ́ ọrùn, kí òmìnira sì mú onídùúró wá. Ìlú dá wáí. Kò sí ẹni tó gbé àpò, kò sí ẹni tó gbé àga, ọjà kún èbúté. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà fi ń bá a lọ. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe ìjọba, ìjọba sì fagi lé owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tètè fi irin ọrùn náà sílẹ̀. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìkóríta tí wọ́n ti ń dáwó ni wọ́n ti pinnu láti má ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tí owó náà gbà ni ojú òkun. Ní 1836, nígbà tí ìjọba ń lé àwọn òmìnira kiri, àwùjọ kan nínú wọn háyà odindi ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì kan, Nimrod, láti gbé wọn padà sí Áfíríkà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló di Àgùdà ní Èkó, ní Àgọ́ọ̀é, ní Ouidah àti ní Àjàṣẹ́, àwọn kọ́lékọ́lé tó fi àwòrán Bàhíà sára àwọn ilé Campos àti Pópó Àgùdà ní Èkó.

Ní Kúbà, òfin yọ̀ǹda fún ẹrú láti máa san owó ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Lùkùmí, ìyẹn àwọn Yorùbá ibẹ̀, sì ń dáwó kún un fún ọmọ ẹgbẹ́. Ní Bùràsíìlì, ẹ̀tọ́ kan náà kò wọ ìwé òfin títí di 28 oṣù kẹsàn-án 1871. Kó tó di ọjọ́ náà, olówó lè wo owó tó pé, kó sì sọ pé òun kò tà, bí ti oníṣègùn tó ni Licutan. Láti ọjọ́ náà, bí olówó àti ẹrú kò bá fẹnu kò lórí iye, ilé ẹjọ́ lè dá sí i. Ohun tí èésú ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọwọ́ sí.

Trinidad gba èésú lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Susu ni wọ́n ń pè é títí dòní. Nígbà tí àwọn ọmọ erékùṣù Kàríbíà dé Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí báńkì kò yá wọn lówó, tí àwọn onílé sì ń lé wọn lẹ́nu ọ̀nà, irú ìdáwó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi san owó àkọ́san lórí ilé ní Brixton àti ibòmíràn.

Òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì jáde ní 13 oṣù karùn-ún 1888. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀, kò fún ẹnikẹ́ni ní owó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òfin orílẹ̀-èdè tuntun sọ pé ẹni tí kò mọ̀wé kò gbọ́dọ̀ dìbò, wọn kò sì yí ìyẹn padà títí di 1985. Òfin owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ tó lórúkọ ní ilẹ̀ náà dé ní 1923, fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Alábàárù àti alákàrà kò sí nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Serra ti ń san owó opó ṣáájú ìgbà náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ilé ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Largo do Cruzeiro de São Francisco, láàárín Salvador àtijọ́, ẹgbẹ́ náà kò sì tíì tú.

Àwọn alákàrà ní láti dúró fún ara wọn. Ní 1992 wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2005, ìjọba àpapọ̀ kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè, ohun iyì tí kò ní owó nínú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ètò Ife Àgbáyé 2014 dé, tí ìlànà FIFA sì sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tajà ní àyíká pápá ìṣeré àfi àwọn ilé iṣẹ́ tó ti sanwó fún un. Àwọn obìnrin náà kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n gbé igbá wọn lọ síwájú pápá Fonte Nova, wọ́n sì bá ìjọba àti àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù fà á. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gba alákàrà mẹ́fà láyè láti tajà nínú pápá náà, ní ìlú tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti ń fi àkàrà jẹun.